Ìwé aláwòrán kan fún ọ̀sẹ̀ méjì: bí ẹ ṣe lè fi kọ́ ọmọ kíláàsì kìíní ní Yorùbá kíkà àti kíkọ

Ìwé aláwòrán kan ṣoṣo ni mo fi máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Àwọn òbí a máa bi mí pé, "Àǹtí, ṣé ìwé ewúrẹ́ yìí náà ni títí di Fúráìdè?" Mo máa ń dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, títí di Fúráìdè tó tún ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá ka ìwé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ kàn gba orí wọn kọjá ni. Èyí tó bá ka ìwé kan títí tó fi lè tú u palẹ̀ kó sì tún un tò, òun ló ti ń kàwé. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí. Tíṣà lè lò ó, òbí náà lè lò ó lórí àga nílé.

Ìwé wo ni ká mú?

Ẹ wá ìwé tí gbólóhùn kan wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan, tó bá pọ̀ jù, kó jẹ́ méjì. Kí gbólóhùn kan máa padà wá bí ègbè àlọ́. Kí àwòrán máa sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kò sọ, kí ọmọ lè rí nǹkan fi ẹnu rẹ̀ sọ. Kí àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ pé. Bí wọn kò bá pé, ẹ fi bírò fi wọ́n sí i kí ọmọ tó rí ìwé náà. Bó bá jẹ́ ìwé àtijọ́ lẹ rí nínú àpótí, ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àwọn ìwé tó ti wà kí àkọtọ́ 1974, ìyẹn ìlànà tuntun fún kíkọ Yorùbá sílẹ̀, tó dé máa ń kọ aiye, enia, ẹiyẹ, nwọn. Ayé, ènìyàn, ẹyẹ, wọ́n là ń kọ báyìí. Àgbàlagbà lè ka méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má kó méjèèjì fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá lẹ́tà mọ̀.

Bí ẹ kò bá rí, ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ mú pépà A4 méjì, ẹ gbé ọ̀kan lé èkejì, ẹ ká wọn sí méjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán àárín rẹ̀. Ojú ìwé mẹ́jọ nìyẹn: ẹ̀yìn ìwé ni ti àkọ́kọ́, ìtàn ni méje yòókù. Tèmi tí mo yà lọ́wọ́ ara mi nìyí:

1. Ewúrẹ́ kan wọ ilé wa.
2. Ó jẹ èèpo iṣu.
3. Ó jẹ ewé ẹ̀fọ́.
4. Ó jẹ ìwé Bọ́lá!
5. Bọ́lá ké: "Ìwé mi o!"
6. Ewúrẹ́ sá jáde.
7. Ìwé Bọ́lá ti ya.

Ó kéré lójú, àbí? Ọ̀rọ̀ 29 ló wà níbẹ̀, ogún péré ló sì yàtọ̀ síra nínú wọn. Síbẹ̀, nínú lẹ́tà 25 tí Yorùbá ní, 22 wà nínú gbólóhùn méje yẹn. G, gb àti h nìkan ni kò sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ ni, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Ẹ má jẹ́ kí àwòrán dà yín láàmú. Ewúrẹ́ tí mo yà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí nǹkan wà nínú àwòrán tí ẹnìkan lè tọ́ka sí: ìkòkò lórí iná, adìẹ lábẹ́ àga, ìyá tó ń sùn.

Bí ọmọ bá pọ̀ ju ìwé lọ, bó ṣe máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ẹ wá kàlẹ́ńdà àtijọ́. Kò sí ilé Yorùbá tí kò ní kàlẹ́ńdà òkú tàbí ti ìgbéyàwó tí ọdún rẹ̀ ti kọjá. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó nípọn, ó sì fẹ̀. Ẹ fi máákà dúdú kọ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè rí àmì orí rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní: ẹ bo ọ̀rọ̀

Ẹ fi bébà bo gbólóhùn, kí àwòrán nìkan wà níta. Ẹ má ka nǹkan kan. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí?" Ẹ ó gbọ́ "Ewúrẹ́!" Ẹ tún béèrè: "Kí ló ń ṣe?" Ibẹ̀ ni gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá béèrè ìkẹta kí ẹ tó ṣí ojú ìwé: "Kí lẹ rò pé yóò ṣe báyìí?"

Ẹ fún wọn láyè láti sọ ọ́. Ọmọ kan sọ fún mi pé ewúrẹ́ náà kò burú, ebi ló ń pa á, àti pé ẹni tó ni í ni kò so ó mọ́lẹ̀. Gbogbo kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fi sọ Yorùbá geere, láìsí ẹni tó ti lẹ́tà kan sí wọn létí. Àwọn tíṣà mìíràn máa ń sáré fo ọjọ́ yìí nítorí kò jọ iṣẹ́. Ó dùn mí nígbà tí mo bá rí i, torí ọmọ tí kò tíì sọ gbólóhùn kan lẹ́nu, kò lè kà á lójú ìwé kó yé e.

Ọjọ́ kejì: ẹ kà á sétí wọn

Ẹ ṣí bébà kúrò. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń kà á, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún. Ẹ kà á bí ẹni ń pàlọ́, ẹ má kà á bí ẹni ń ka orúkọ ní réjísítà. Nígbà kejì, ẹ dúró lẹ́yìn "Ó jẹ…" kí àwọn ọmọ gbè é. Nígbà kẹta, ẹ fi igi lé ọmọ kan lọ́wọ́ kó máa tọ́ka. Ẹ ó rí i pé ẹnu rẹ̀ ti dé "iṣu" nígbà tí igi rẹ̀ ṣì wà lórí "èèpo". Ẹ má bá a wí. Ẹ bá a di ọwọ́ mú, kí ẹnu àti igi jọ máa rìn.

Ohùn ṣáájú lẹ́tà

Ibi tí mo ti ń lo àkókò jù nìyí: ọjọ́ méjì gbáko, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ọmọ Yorùbá ti mọ dò re mí, ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè, kó tó wá sí ilé-ìwé. Òun ló fi ń mọ̀ bóyá ìyá rẹ̀ ń pè é tàbí ó ń bá a wí. Iṣẹ́ wa ni láti fi ohun tó wà létí rẹ̀ hàn án lójú.

Ẹ ní kí wọ́n dìde. Dò: ọwọ́ lórí orúnkún. Re: ọwọ́ ní àyà. Mí: ọwọ́ lórí. Ẹ wá kùn ọ̀rọ̀ inú ìwé láì pe lẹ́tà kankan, bí gángan ṣe ń sọ ọ́: "m̀-ḿ" fún ìwé, "m-ḿ" fún ewé. Kí ọwọ́ wọn máa bá ohùn lọ. Bọ́lá jẹ́ mí mí. Iṣu jẹ́ re re. Èèpo jẹ́ dò dò re. Ewúrẹ́ jẹ́ re mí mí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé ọ̀rọ̀ wo nínú ìwé ló ní orin kan náà pẹ̀lú "ìwé". Bí ọmọ kan bá dáhùn pé "ẹ̀fọ́", ẹ pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí etí rẹ̀ ti là. Orúkọ wọn náà wúlò: Òjó bá ìwé lọ, Adé bá ewé lọ, Bísí bá Bọ́lá lọ. Ọmọ kì í gbàgbé orin orúkọ ara rẹ̀.

Ẹ wá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, jẹ, kí ẹ gbé e gba ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ewúrẹ́ ń jẹ̀ nínú pápá. Ewúrẹ́ jẹ èèpo. Ewúrẹ́ jẹ́ ẹran ọ̀sìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkẹyìn inú ìwé, ya, kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: Ewúrẹ́ ya ìwé Bọ́lá. Ẹ wá fi àmì kan péré kún un: Ewúrẹ́ yá ìwé Bọ́lá. Ẹ dákẹ́, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á. Ẹ̀rín tó máa bọ́ lẹ́nu wọn, nígbà tí wọ́n bá rò ó pé ewúrẹ́ wá yá ìwé, kọ́ni ní iṣẹ́ àmì ohùn ju ìlànà ogún lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ní láti sọ fún wọn mọ́ pé àmì orí kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Pípín ọ̀rọ̀, àti lẹ́tà tí ewúrẹ́ jẹ

Ẹ pàtẹ́wọ́ sí ọ̀rọ̀: e-wú-rẹ́, mẹ́ta. Bọ́-lá, méjì. È-è-po, mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di méjì. Kan jẹ́ ẹyọ kan. Ọmọ tó bá ka "ka-n", ẹ fi hàn án pé n ibẹ̀ kò dá dúró, imú ni a fi ń pe a. Lọ́nà kejì, ọmọ tó bá kọ "mi" ní "min", etí rẹ̀ gbọ́ imú lóòótọ́. Ẹ yìn ín, kí ẹ tó sọ fún un pé m ti gbé imú náà dání, kò nílò n mọ́.

Ẹ gé páálí kéékèèké, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ogún náà sí i, ọ̀kan sórí páálí kan. Ẹ dà á sílẹ̀ láìtò, kí ọmọ méjì-méjì tò ó di gbólóhùn inú ìwé.

Ohun kan wà níbí tó máa ń rú ọmọ lójú, tó sì yẹ kí tíṣà tètè mọ̀. Lẹ́nu, kò sí ẹni tó ń pe "jẹ ewé" ní ọ̀rọ̀ méjì gedegbe. "Jẹwé" là ń sọ. "Jẹ ìwé" náà, "jẹ̀wé" ló ń dà. Ọmọ tó gbọ́ dáadáa yóò kọ ohun tó gbọ́, tíṣà yóò sì fi bírò pupa fa igi lé e lórí. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tèmi ni pé ewúrẹ́ ti jẹ lẹ́tà kan níbẹ̀. Nínú "jẹwé", ó jẹ e. Nínú "jẹ̀wé", ó jẹ i, ṣùgbọ́n kò lè gbé ohùn rẹ̀ mì. Dò tó wà lórí i ṣẹ́kù, ó sì lọ bà lé orí jẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pe méjèèjì lọ́ra, kí wọ́n tún pè é kíákíá, títí wọn yóò fi gbọ́ ibi tí lẹ́tà náà sá sí. Nígbà tó bá yá tí wọ́n bá pàdé "kọ̀wé", wọn yóò fúnra wọn sọ fún yín pé "kọ ìwé" ni, wọ́n ti jẹ i inú rẹ̀.

Àmì ìsàlẹ̀, àmì orí

Mo máa ń sọ ọ́ báyìí: àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ ti lẹ́tà, àmì orí jẹ́ ti ohùn. E àti ẹ kì í ṣe lẹ́tà kan náà tí ọ̀kan wọ bàtà. Lẹ́tà méjì ni wọ́n. S àti ṣ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àpẹẹrẹ hàn: ewúrẹ́ sá, aṣọ ṣá. Nítorí náà, bí ọmọ bá ń kọ ẹ̀fọ́, kó fi àmì sí abẹ́ ẹ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò níbẹ̀. Kó kọ ọ̀rọ̀ náà tán, kó kùn ún lẹ́ẹ̀kan, kí ó tó wá fi àmì orí sí i bí ohùn ṣe rìn. Bí ẹ bá kọ́ wọn létòlétò báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò ní máa wọ́n àmì sórí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì: kíkọ

Ẹ má tètè gbé pẹ́ńsù fún wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìka kọ lẹ́tà sínú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà sórí yanrìn tàbí gàrí inú àwo pẹrẹsẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó nàró: l, i, t. Lẹ́yìn náà èyí tó yípo: o, a, d. B àti d máa ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ má kọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan dúró dáadáa kí èkejì tó dé.

Lórí bébà, kí wọ́n wo gbólóhùn kan kọ, gbólóhùn kan péré, ṣùgbọ́n kó mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ kọ "Ó jẹ ________" sílẹ̀ kí wọ́n parí rẹ̀ fúnra wọn. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ pe ọ̀rọ̀ mẹ́ta láti inú ìwé, kí wọ́n kọ ọ́ láìwò. Ìyókù ọ̀sẹ̀ náà jẹ́ ti ojú ìwé tuntun: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ya ohun mìíràn tí ewúrẹ́ ṣe, kó sì kọ gbólóhùn rẹ̀ sábẹ́ àwòrán.

Ọmọdébìnrin kan kọ tirẹ̀ báyìí: Ewurẹ jẹ bata mi. Àṣìṣe pọ̀ níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n lẹ́tà kò dín kan, àmì ìsàlẹ̀ pé méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo ni mo mú. Mo bi í pé, "Ṣé bàtà ni, àbí bàtá?" Ó kùn ún, ó fi ọwọ́ kan orúnkún lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi àmì rẹ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ti ewúrẹ́, a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àṣìṣe kan lẹ́ẹ̀kan náà tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìwé tó bá kún fún bírò pupa, ó máa ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ṣé ó ń kà á, àbí ó há a sórí?

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, gbogbo kíláàsì yóò ka ìwé náà tán gbọ̀ngbọ̀n. Ẹ má tíì yọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti há a sórí ni. Ẹ kọ àwọn gbólóhùn tí kò sí nínú ìwé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: Bọ́lá jẹ èèpo iṣu. Ìwé jẹ ewúrẹ́. Ewé sá wọ ilé. Ẹ pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹnìkan má gbọ́ ti ẹnìkejì. Èyí tó há a sórí yóò sọ "Ó jẹ èèpo iṣu" bó ṣe ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó ń kàwé yóò dúró, yóò tún un wò, yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ẹni tí kò bá rẹ́rìn-ín, ẹ dá a padà sídìí páálí fún ọjọ́ méjì sí i, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ márùn-ún péré.

Fún òbí

Òbí tó ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò dí ọmọ òun lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan tó dá dúró. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta péré kí wọ́n tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, tí ọmọ gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹ sọ ọjọ́ kìíní di ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá sọ "goat", ẹ dáhùn pé, "Ẹ̀n, ewúrẹ́ ni. Ewúrẹ́ náà ń jẹun." Ẹ má fipá mú un, ẹ kàn fi kún ohun tó sọ. Bó bá dórí lẹ́tà, p ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró lé. P tó mọ̀ ní ilé-ìwé rẹ̀ kọ́ ni p inú èèpo: k àti p ló jọ ń bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kó wo ẹnu yín. Lálẹ́ Sátidé, ẹ pe màmá àgbà lórí fídíò, kí ọmọ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí wọn, kó sì ka ojú ìwé kan fún wọn. Ojú ìwé kan ti tó. Màmá yóò bi í pé, "Ewúrẹ́ ta ni?" yóò sì ní láti dáhùn.

Ojú ìwé kẹjọ

Mo ní mo mọ̀ọ́mọ̀ fi g, gb àti h sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ni ìyá Bọ́lá ṣe nígbà tó jí. Kò sígbà tí ẹnìkan kì í sọ ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó: Hà! Ìyá gbé ìgbálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé gb jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo tí a fi g àti b kọ pọ̀, pé ọwọ́ kan ni a ń pa fún gbé. G yóò tẹ̀lé e, torí ewúrẹ́ gbọ́dọ̀ gun nǹkan: Ewúrẹ́ gun àga.

Ẹ kó gbogbo ojú ìwé tí àwọn ọmọ kọ jọ, ẹ rán an pọ̀ pẹ̀lú òwú kan náà tí ẹ fi rán ti àkọ́kọ́, kí ẹ fi ìṣó kọ́ ọ sára ògiri níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó. Ní àkókò ìsinmi, ẹ ó rí ẹni tó máa lọ mú un láìjẹ́ pé ẹ rán an, tí yóò máa fi ìka tọ́ka sí gbólóhùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí yóò sì máa kùn ún lábẹ́ ètè kó tó pè é.